Ejò Inú Ọgbà àti Ajá Ilé Wa

 Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ibà, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni a jọ máa ń sọ níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Kí ẹ tó kà á dé ìdajì, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn náà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní àkókò òjò, kí n tó múra ibi iṣẹ́ tán, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan géètì wa gbà-gbà-gbà. Nígbà tí mo ṣí i, ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ni mo bá níbẹ̀. Ó gbé ajá kan dání, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ wé e. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò ju ọdún 8 lọ, dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn. Bàbá náà ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ajá yìí. Ejò ló bù ú jẹ."

Mo ṣí ìró náà. Orí ajá náà ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ méjèèjì fi pa dé. Imú rẹ̀ ti dúdú, itọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ sì ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi sí i lọ́rùn ti wọ inú ẹran ara lọ, nítorí pé ọrùn náà ti wú kọjá rẹ̀. Wọ́n fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú kan pinpin, wọ́n sì ti da epo pupa sí i lẹ́nu títí ó fi kún imú rẹ̀. Mo béèrè ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Bí aago 9 alẹ́ àná ni, Nọ́ọ̀sì. A ní tí ilẹ̀ bá mọ́, a óò wá nǹkan ṣe sí i. Ajá ṣáà ni."

Mo fi sísọ́ọ̀sì gé bẹ́líìtì náà, mo tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì bá wọn wọ mọ́tò kí a lè tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. A kò tíì dé títì ọlọ́dà tí ajá náà fi mí èémí ìkẹyìn lórí ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó wo bàbá rẹ̀ lójú, ó ní, "Dádì, ká ní èmi ni ejò yẹn bù jẹ lálẹ́ àná ńkọ́? Ṣé ẹ ì bá dúró kí ilẹ̀ mọ́ ni?"

Bàbá rẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìbéèrè ọmọ yìí ló mú mi jókòó kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ilẹ̀ tí ajá ń fi imú tú kiri nínú ọgbà, òun náà ni ilẹ̀ tí ọmọ ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré lórí rẹ̀. Ejò tí ó bá ajá nílé, ó lè bá ọmọ nílé pẹ̀lú.

ÌDÍ TÍ EJÒ FI Ń BU AJÁ JẸ

Ajá kì í fi ojú wádìí nǹkan bí tiwa. Imú ni ó fi ń wádìí. Bí ewé bá mì, yóò ki imú bọ̀ ọ́. Bí ihò bá wà lábẹ́ búlọ́ọ̀kù, yóò ki imú bọ̀ ọ́, yóò sì fi ẹsẹ̀ iwájú wa ilẹ̀ ibẹ̀. Nítorí náà ni ejò fi sábà máa ń bu ajá jẹ ní imú, ní ojú, ní ọrùn tàbí ní ẹsẹ̀ iwájú. Kì í ṣe pé ejò ń dọdẹ ajá. Ajá tóbi ju ohun tí irú ejò bẹ́ẹ̀ lè gbé mì lọ. Ẹ̀rù ló ń ba ejò tí ó fi ń gbèjà ara rẹ̀.

Oríṣiríṣi ejò ló wà ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní oró tí ó lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n méjì wà tí ó yẹ kí gbogbo onílé mọ̀. Orúkọ ejò a máa yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì, nítorí náà ìrísí wọn ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀.

Èkíní ni paramọ́lẹ̀. Ó kúrú, ó sanra, orí rẹ̀ fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé gbígbẹ lórí ilẹ̀. Ìwà rẹ̀ ló burú jù. Nígbà tí ejò mìíràn bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa tí ó sá, paramọ́lẹ̀ kì í sá. Ńṣe ni yóò dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí yóò gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ ara rẹ̀ pé a kò ní rí òun. Bí a bá sún mọ́ ọn jù, a máa mí fùù bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ó sì lè ṣán nǹkan kíákíá ju bí a ti lè fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn lọ. Oró rẹ̀ a máa mú kí ara wú, kí ẹran ara jẹrà, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ya níbi tí kò yẹ.

Èkejì ni ejò tí í na orí sókè, tí í fẹ ọrùn, tí í sì í tu oró bí ẹni tutọ́. Àwọn kan ń pè é ní sèbé, àwọn mìíràn ń pè é ní àgbádú. Ó lè tu oró náà dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ni ó sì máa ń dojú rẹ̀ kọ. Bí ó bá kan ojú, yóò ta bí ata, bí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ojú lè fọ́. Ejò yìí kan náà a máa buni jẹ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí àwọn òbí ní láti gbọ́. Oró tí ejò ń pọ̀ sára ajá kékeré kò kéré sí èyí tí ó ń pọ̀ sára ajá ńlá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ọmọdé àti àgbàlagbà. Ara ló kéré, oró kò kéré. Ìdí nìyí tí ọmọ ajá fi máa ń tètè kú, ìdí náà sì nìyí tí a fi ní láti sáré gidigidi nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọdé ni ejò bù jẹ.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ oko nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ejò ń bu nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 5.4 jẹ lọ́dọọdún káàkiri ayé, pé àwọn tí ó sì ń kú nínú wọn wà láàrin 81,000 sí 138,000. Ní ọdún 2017, àjọ náà ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Ní ọdún 2019, wọ́n gbé ètò kalẹ̀ láti dín ikú rẹ̀ kù sí ìdajì kí ó tó di ọdún 2030. Bí ìlú wa sì ti ń fẹ̀ sí i, a ń kọ́lé sínú igbó tí ejò ti ń gbé kí a tó débẹ̀. Àwa ni a lọ bá wọn.

MO YẸ ỌGBÀ TÈMI NÁÀ WÒ

Lẹ́yìn tí a ti sin ajá ọmọ náà, mo padà sílé, mo sì wo ọgbà tèmi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ìyá nípa ìmọ́tótó ní dìsípẹ́ńsárì láti ọdún pípẹ́, èmi náà kó búlọ́ọ̀kù tí ó ṣẹ́kù nígbà tí a kọ́lé jọ sẹ́yìn ilé ìdáná, koríko sì ti hù bò ó. Táyà mọ́tò àtijọ́ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi òjò sì wà nínú wọn. Ajá tiwa, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tanímọ̀la, a máa jẹ ẹ̀bà àti egungun ẹja lálẹ́, a ó sì fi abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ títí di òwúrọ̀.

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin fi igi gígùn yí búlọ́ọ̀kù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí a rí ni awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀, ó gùn tó apá mi. Kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ sí ibi tí Tanímọ̀la máa ń sùn.

Mo jókòó, mo sì rò ó bí wọ́n ti kọ́ wa láti máa ronú nípa àìsàn ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì: kí a wá orísun rẹ̀. Ejò kò wá jẹ ẹ̀bà. Eku ló wá jẹ ẹ̀bà, ejò sì tẹ̀lé eku. Omi inú táyà pe ọ̀pọ̀lọ́, ejò sì tẹ̀lé ọ̀pọ̀lọ́. Búlọ́ọ̀kù fún un ní ibùsùn. Èmi fúnra mi ni mo tẹ́ ẹní fún un, tí mo sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti wò ó lókèèrè nílé wa.

OHUN TÍ ONÍLÉ NÍ LÁTI ṢE

Ìkíní, ẹ kó abọ́ ajá nílẹ̀. Ẹ fún ajá ní oúnjẹ nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́, kí ẹ sì kó abọ́ náà kúrò lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Ẹ fọ̀ ọ́. Omi mímu nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ìdọ̀tí ilé ìdáná ní láti wà nínú garawa tí ó ní ìdérí. Níbi tí eku kò bá sí, ejò kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ìkejì, ẹ palẹ̀ òkìtì mọ́. Búlọ́ọ̀kù, pákó, páànù, igi ìdáná, táyà, ẹ kó wọn kúrò, tàbí kí ẹ tò wọ́n sórí nǹkan tí ó ga sí ilẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ilé. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kó wọn. Ẹ wọ bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi igi gígùn yí nǹkan kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ti ajá mọ́lé títí tí iṣẹ́ náà yóò fi parí, nítorí pé òun ni yóò kọ́kọ́ ki imú bọ̀ ọ́.

Ìkẹta, ẹ gé koríko. Bí koríko bá kúrú, ajá yóò rí ejò, ejò yóò sì rí ajá, kálukú yóò sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ gé ẹ̀ka igi tí ó bá kan òrùlé tàbí tí ó gba orí ògiri ọgbà kọjá. Bí ilẹ̀ tí kò ní onílé bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí àwọn ará àdúgbò pawọ́ pọ̀ ro ó. Ìgbàlẹ̀ ilé kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo àdúgbò mọ́.

Ìkẹrin, ẹ dí ihò. Ẹ wo abẹ́ géètì, ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde lára ògiri, àti ẹ̀gbẹ́ ìdérí ṣọkẹwéè. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí èyí tí ó bá sán. Níbi tí omi ní láti gbà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kéré bò ó. Ẹ kan rọ́bà sí abẹ́ ilẹ̀kùn tí ó bá gbé sókè sílẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ gbé ilé ajá sókè. Ilé Tanímọ̀la ti wà lórí ẹsẹ̀ onígi mẹ́rin báyìí, ó ga tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì mọ́ tí a fi lè máa gbá a. A kì í kó àkísà jọ síbẹ̀ mọ́ títí yóò fi di òkìtì. Aṣọ kan ni ó ń sùn lé, a sì máa ń gbọ̀n ọ́n láràárọ̀ pẹ̀lú igi.

Ìkẹfà, bí ẹ bá ń mú ajá rìn, ẹ fi ṣéènì mú un, pàápàá láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀ kùtùkùtù, nítorí pé òru ni ọ̀pọ̀ àwọn ejò olóró yìí ń rìn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ rìn láàrin ọ̀nà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọ inú koríko lọ fi imú tú nǹkan. Ẹ sì kọ́ ọ láti kékeré pé bí ẹ bá pè é, kí ó padà wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe fún fáàrí. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ jẹ́ kí tiyín máa gbọ́ fèrè.

Àkókò méjì ni kí ẹ ṣọ́ra jù. Nígbà òjò, omi a máa kún ihò ejò, wọn a sì máa wá ibi gbígbẹ lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń sun igbó tàbí tí katakata ń ro ilẹ̀ tuntun nítòsí yín, ibùgbé wọn ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n sì lè wá sí ọ̀dọ̀ yín.

OHUN TÍ KÍ Ẹ MÁ ṢE NÁWÓ LÉ

Àwọn ènìyàn a máa da kẹrosíìnì yí ilé ká. Òmíràn a da ọ́ìlì mọ́tò tí ó ti dúdú. Òmíràn a fọ́n káńfọ̀ kiri. N kò tíì rí ẹ̀rí pé ejò ń sá fún èyíkéyìí nínú wọn ní ìta gbangba, ṣùgbọ́n mo mọ ìpalára tí wọ́n ń ṣe. Mo ti gba ọmọ tí ó mu kẹrosíìnì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní dìsípẹ́ńsárì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Káńfọ̀ jẹ́ májèlé fún ajá tí ó bá gbé e mì, ó sì jẹ́ májèlé fún ọmọ tí ó bá rò pé súìtì ni.

Ẹ ṣọ́ra fún májèlé eku pẹ̀lú. Òótọ́ ni pé a fẹ́ lé eku lọ, ṣùgbọ́n ajá tí ó bá jẹ májèlé náà, tàbí tí ó bá jẹ eku tí májèlé pa, lè kú. Pákúté àti ìmọ́tótó sàn jù.

BÍ EJÒ BÁ WỌLÉ

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí a tún ọgbà ṣe, a gbọ́ tí Tanímọ̀la ń gbó lọ́nà tí kò gbà gbó rí. Ó dúró sí ẹgbẹ́ géètì, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ejò dúdú kan sì na orí sókè ní iwájú rẹ̀. Ọmọ mi ti sáré mú àdá. Mo pariwo mọ́ ọn pé, "Gbé e sílẹ̀! Pe ajá!" Ó ní, "Mọ́mì, kò ní pẹ́, ẹ jẹ́ kí n pa á." Mo ní, "Pe ajá, mo ní!"

Ó pe ajá náà, ajá sì yípadà, ṣùgbọ́n ejò ti tu oró sí i lójú kí ó tó yí tán. Ó ń fi ẹsẹ̀ ha ojú rẹ̀, ó ń ké. A kò dá ejò lóhùn mọ́. A gbé Tanímọ̀la wọ ẹ̀yìn ilé, a di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú jẹ́ẹ́, mo sì ń rọra da omi mímọ́ sí i lójú lára kẹ́tùlù fún ìṣẹ́jú 20 gbáko. Omi lásán ni. N kò fi wàrà sí i, n kò fi ìtọ̀ sí i, n kò fi ewé kankan sí i. Lẹ́yìn náà a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní ọjọ́ náà gan-an. Ó fún wa ní oògùn ojú. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ti ejò náà, nígbà tí ariwo dákẹ́, ó bá abẹ́ géètì jáde, ibẹ̀ nìkan ni a kò tíì fi rọ́bà sí. A fi sí i ní ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn. Àwọn ènìyàn kan wà tí ejò bù jẹ nígbà tí wọ́n fẹ́ pa á. Bí ẹ bá rí ejò, ẹ pe ajá, ẹ pe ọmọ, ẹ tilẹ̀kùn mọ́ wọn, kí ẹ sì dúró lókèèrè. Bí ó bá kọ̀ láti lọ, ẹ wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Bí ẹnìkan bá sì ti pa á, ẹ má ṣe fọwọ́ kan orí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ajá fi ṣeré. Orí ejò tí a ti gé ṣì lè ṣán nǹkan fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti kú.

BÍ EJÒ BÁ TI BU AJÁ JẸ

Ẹ lè má rí ejò náà rárá. Ẹ ṣàkíyèsí àmì wọ̀nyí: ajá ké lójijì, ó ń tiro, imú tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dìde, tàbí kò lè mí dáadáa. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ tú bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀ kíá, kí ọrùn tó wú. Ẹ gbé e, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ rìn, nítorí pé ìrìn a máa mú kí oró tètè kárí ara. Ẹ mú kí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ fi fóònù pe dókítà ẹranko pé ẹ ń bọ̀, kí ó lè múra sílẹ̀, kí ẹ sì gbéra. Bí ẹ bá lè ya fọ́tò ejò náà láti òkèèrè, ó dára. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ máa lọ.

Ẹ má ṣe fi abẹ gé ojú ibẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹnu fà á. Ẹ má ṣe fi okùn dì í, nítorí pé irú oró méjì tí mo sọ lókè yìí a máa jẹ ẹran ara, okùn yóò sì sé oró náà mọ́ ojú kan títí ẹsẹ̀ yóò fi kú. Ẹ má ṣe fi òkúta dúdú lé e, kì í fa oró jáde. Ẹ má ṣe da epo pupa, wàrà tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ajá tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń wú kò lè gbé e mì, yóò gba ibi èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì ṣe fún un ní oògùn ìrora tiwa. Parasítámọ̀ àti ibuprofen lè pa ajá.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rò. Ajá tí ara ń ro lè bu olówó rẹ̀ jẹ. Bí ó bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn nítorí àrùn dìgbòlugi. Ìdí nìyí tí ajá fi ní láti máa gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí dókítà ẹranko bá ti là á sílẹ̀, kí ìwé rẹ̀ sì wà nílé.

BÍ Ó BÁ JẸ́ ÈNÌYÀN ŃKỌ́?

Ìdáhùn mi fún ọmọ náà rèé. A kò gbọdọ̀ dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bù jẹ ní láti dùbúlẹ̀, kí a bọ́ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti bàtà rẹ̀, kí ó má ṣe mi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tí ejò bù jẹ náà, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní wákàtí yẹn gan-an. Gbogbo ohun tí mo ní kí ẹ má ṣe sí ajá, ẹ má ṣe é sí ènìyàn.

Abẹ́rẹ́ tí í pa oró ejò wà. Èyí kan wà tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, tí a ń pè ní EchiTAb-Plus-ICP. Oró ejò mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n fi ṣe é: ti paramọ́lẹ̀, ti ejò tí í tutọ́ oró, àti ti ejò kékeré kan tí í pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Òkè Ọya. Ní Kaltungo ní Ìpínlẹ̀ Gombe, ilé ìwòsàn wà tí a mọ̀ káàkiri fún ìtọ́jú àwọn tí ejò bù jẹ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Dìsípẹ́ńsárì bí tiwa kò ní in. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè nísinsìnyí, nígbà tí ara le, pé ilé ìwòsàn wo ló ní in ní agbègbè yín. Alẹ́ tí ejò bu ọmọ jẹ kọ́ ni a ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ní ti ajá, ó ṣọ̀wọ́n kí ó rí abẹ́rẹ́ náà gbà rárá. Omi ara, oògùn ìrora tirẹ̀ àti ìtọ́jú ọgbẹ́ ni dókítà sábà máa fi ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo gbogbo àyè yìí fún ìdènà.

Mo rí bàbá ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ro ẹ̀yìn ilé rẹ̀ mọ́, ó sì ti kọ nọ́ńbà fóònù dókítà ẹranko àti ti ilé ìwòsàn ńlá sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, ní ibi tí ọmọ náà lè rí i kà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ ní òun fẹ́ ajá mìíràn." Mo bi í pé kí ni ó wí. Ó ní, "Mo ní kí a kọ́kọ́ kọ́lé rẹ̀ sókè."

Kí a tó tún pàdé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun mẹ́ta péré ni mo bẹ̀ yín sí. Lálẹ́ òní, ẹ kó abọ́ ajá nílẹ̀. Lọ́la, ẹ wo abẹ́ géètì. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ wọ bàtà, ẹ mú igi gígùn, kí ẹ sì tú òkìtì tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí ẹ bá rí awọ ejò níbẹ̀ bí èmi ti rí i, ẹ má ṣe bẹ̀rù, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ire o.